Àwo wo ni kí n gbọ́ tẹ̀ lé e?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ilé o. Nínú àwo orin tí bàbá mi fi sílẹ̀, ti Fela àti Koola Lobitos, ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù, nígbà tó ṣì ń po háíláìfù mọ́ jáàsì, tí Afrobeat ò tíì dé. Abẹ́rẹ́ máa ń fò lójú kan lórí ẹ̀; ẹnu ni mo fi ń parí ibẹ̀.

Mo wá gbọ́ Hugh Masekela ti Gúúsù Áfíríkà, ó wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n Mulatu Astatke ti Ethiópíà, háà! Orin náà ń rìn bí ẹni tó ń wá nǹkan lóru.

Ta ló kàn? Manu Dibango onísaksofóònù ti Kamẹrúùnù ni, àbí Abdullah Ibrahim onídùùrù? Ẹ jọ̀ọ́, àwo tó dùn látòkè délẹ̀ ni kí ẹ dárúkọ. Kí ni ẹ sì fi ń nu àwo? Ọṣẹ ìfọbọ́ ni mò ń lò, ìyàwó mi ní mò ń bà á jẹ́ ni.