Báwo ni ọmọdé ṣe lè dá àgbà dúró nínú ìdánrawò pàjáwìrì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Agbẹ̀bí ni mí ní Kétu níbí, mo ń darí ìdánrawò fún àwọn agbẹ̀bí wa. Ọmọlangidi la fi ń ṣe é: ìyá bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ó ti kọjá 500 mílílítà.

Ọwọ́ wọn kò ṣeé bú. Wọ́n ń fọwọ́ ra ilé-ọmọ bó ṣe yẹ, wọ́n mọ̀ pé oxytocin (abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ilé-ọmọ sún kì kí ẹ̀jẹ̀ lè dá) yúníìtì 10 ni. Ọ̀rọ̀ sísọ ló kù. Ẹnì kan á kígbe pé, "Ẹ gbé abẹ́rẹ́ wá!" láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn á máa wo ara wọn. Ìyẹn ti ń dín kù, torí mo ní kí wọ́n máa dárúkọ ẹni, kí ẹni náà tún àṣẹ sọ, bí àwọn awakọ̀ òfuurufú ti ń ṣe.

Àmọ́ bí màmá àgbà kan láàárín àwọn agbẹ̀bí bá ṣì í ṣe, ọmọdé kì í lè sọ ọ́. Wọ́n ní àrífín ni. (Ẹ̀jẹ̀ kò kúkú mọ àgbà!)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni, gbólóhùn wo lẹ fi kọ́ wọn tí kò ní dà bí ìyájú? Ṣé kí n máa fún ọ̀rọ̀ sísọ yìí ní máàkì lọ́tọ̀, àbí ìjíròrò lẹ́yìn ìdánrawò ti tó? Àbí àwọn màmá náà ni kí n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀?