Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tó fúyẹ́ tó sì yá: èwo ni kí n rà fún ojú títì?

Olùbéèrè, Abbey Wood, London

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tó wà lọ́wọ́ mi báyìí wọn kílò 25. Inú ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, táyà rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń mú èèyàn jókòó ṣánṣán. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ni mò ń gbé, kò sí líìfìtì. Bromley ni ibi iṣẹ́, bíi máìlì 10 ní àlọ, òkè Knee Hill sì ni mo máa ń kọ́kọ́ gùn. Kílò 88 ni mí, àpò ẹ̀yìn mi wọn kílò 3. Níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ́jú, máìlì 15 tàbí 16 ní wákàtí ni eré rẹ̀ ń mọ. Bí mo bá fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n dì í mú lẹ́yìn. £3,000 ni mo lè ná. Ṣé èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára jù ni kí n wá, àbí èyí tó fúyẹ́ jù?

Baba Sípánà

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò ńlẹ̀ ná. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, agbára ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ ju wáàtì 250 (250W) lọ, ó sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ bí eré bá ti dé máìlì 15.5 ní wákàtí. £2,000 lẹ rà á o, £9,000 lẹ rà á o, ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń dákẹ́. Ẹ má wá eré lọ sínú ẹ́ńjìnnì rárá. Ohun tó ń dì yín mú lẹ́yìn yẹn ni pé ẹsẹ̀ yín nìkan ló ń wa kílò 25, lórí táyà tó nípọn, pẹ̀lú àyà tí ẹ kọ sí atẹ́gùn. Lẹ́yìn 15.5, kẹ̀kẹ́ lásán ni gbogbo wọn. Èyí tó bá dáa bíi kẹ̀kẹ́ lásán ló máa yá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á bá yín tú u kó lè máa sá máìlì 25, ẹ dá a lóhùn pé rárá. Alùpùpù ló dà lójú òfin nìyẹn: ó di dandan kó ní nọ́ńbà, láísẹ́ǹsì àti ìnsọ́ránsì, ọlọ́pàá sì lè gbé e lọ. Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà tó ń sọ pé tiwọn ń dé 28, Class 3 ni wọ́n ń sọ, ìpele kẹ̀kẹ́ oníbátìrì kan lábẹ́ òfin ọ̀hún. Òfin tiwọn yàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Deptford

Òótọ́ ni, àmọ́ ká má sọ ọ́ bí ẹni pé kó sáà ti fúyẹ́, ó parí. Ìṣirò rèé. Ká ní ẹ bọ́ láti orí kílò 25 sí 13. Lórí òkè tó ń ga mítà 6 nínú 100, bí ẹ bá ń lọ ní kìlómítà 15 ní wákàtí, nǹkan bíi wáàtì 30 péré ni kílò 12 yẹn máa dín kù fún yín, ẹ́ńjìnnì sì wà níbẹ̀ tó ń tì yín. Ẹ wá wo ọ̀nà tó tẹ́jú. Ní kìlómítà 30 ní wákàtí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó jókòó ṣánṣán àti ẹni tó tẹ̀ síwájú lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó kákò bí ìwo àgbò lè tó wáàtì 70. Afẹ́fẹ́ nìkan nìyẹn o.

Táyà ló tẹ̀ lé e. Ẹyọ kan táyà Schwalbe Marathon Plus tó nípọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Táyà eré Continental Grand Prix 5000 oní mílímítà 32 kò ju nǹkan bíi gíráàmù 300 lọ. Rọ́bà tó nípọn máa ń gba agbára mọ́ yín lẹ́sẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí. Ìgò fífọ́ pọ̀ lójú títì wa nígbà òtútù, nítorí náà Grand Prix 4-Season ni èmi á fi sí i, kì í ṣe 5000. Fún ìwọ̀n yín, táyà 32 tó ní tíúbù: 60 psi (ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó) níwájú, 65 lẹ́yìn. Ẹ má fa afẹ́fẹ́ kó le bí igi. Ńṣe láá máa ta yín sókè, eré kò sì ní pọ̀ sí i.

Bí ẹ ṣe jókòó ló ṣáájú, táyà tẹ̀ lé e, ìwọ̀n ló kẹ́yìn. Orí àtẹ̀gùn ilé yín ni ìwọ̀n ti ń jẹ́ ọ̀gá.

Ìyá Ìbejì Plumstead

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àti bátìrì, torí ibẹ̀ ni £3,000 máa ti sọ ibi tó gbà.

Nínú àwọn tó fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì Mahle X35 lẹ máa rí jù ní owó yín. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló wà, agbára tó fi ń yí ẹsẹ̀ jẹ́ 40 Nm, òun àti bátìrì rẹ̀ bíi kílò 3.5 lápapọ̀. Òun ni wọ́n fi sínú àwọn kẹ̀kẹ́ Orbea Gain àti Ribble SL e fún ọdún pípẹ́. Bátìrì rẹ̀ tó bíi 250Wh (Wh ni wọ́n fi ń wọn iná tí bátìrì gbà), inú férémù ló wà, kò ṣeé yọ. Ẹ́ńjìnnì kejì ni TQ HPR50, ìdí pẹ́dà ni tirẹ̀ wà, 50 Nm, 360Wh, kò pariwo rárá. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ Trek Domane+ SLR tó ń lò ó, owó rẹ̀ ju tiyín lọ dáadáa.

Lórí Knee Hill, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì nìyí: ẹ́ńjìnnì ìdí pẹ́dà ń jàǹfààní jíà, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí eré bá ti já wálẹ̀ jù, ìtìlẹ́yìn tiẹ̀ náà máa rọ. Torí náà, jíà kékeré ni kí ẹ ti fi wọ òkè náà, kí eré ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti wúwo kó tó yí jíà, ó ti pẹ́ jù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé òkè ló ń jẹ bátìrì. Láti gbé yín, kẹ̀kẹ́ àti àpò gun mítà 50, bíi 14Wh ló máa gbà, ẹsẹ̀ yín á sì dá nínú rẹ̀. Máìlì gbọọrọ tó tẹ́jú, tí ẹ ń fi ìtìlẹ́yìn tó pọ̀ jù rìn ní 14 tàbí 15, ibẹ̀ ni iná ń bá lọ. Ẹ fi 7Wh ṣírò kìlómítà kan: kìlómítà 32 ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 224Wh. 250 yẹn há, òtútù sì máa gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ìtìlẹ́yìn tó kéré jù ni kí ẹ máa lò lójú pẹrẹsẹ, kí ẹ tọ́jú èyí tó pọ̀ de òkè.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an ni. Kò sí ibi tí mo ti lè gba ṣájì níbi iṣẹ́. Ṣé mo lè ra àlòkù? Bí òjò bá sì le, ṣé mo lè gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin padà?

Ẹ̀gbọ́n Deptford

Ti ọkọ̀ ojú irin, láti 31 oṣù kẹta 2025 ni TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní London, ti fòfin de kẹ̀kẹ́ oníná tí kò ṣeé ká, ojú irin Elizabeth line tó ń gbéra ní Abbey Wood sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi í sínú ètò yín.

Baba Sípánà

Àlòkù kò burú, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí wọ́n fi ipò bátìrì hàn yín ni kí ẹ ti rà á. Ṣájà tó bá a wá gan-an ni kí wọ́n fún yín. Ẹ má gbà á ní ṣájì ní ọ̀nà àbájáde ilé, nítorí iná.

Ti X35, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílé kí táyà tó jò lójú títì. Ẹ tú wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù ní gbọọrọ, ẹ má lọ́ ọ. Bí ẹ bá ń dá a padà, kí àwọn ọ̀fà tó wà lára rẹ̀ kọjú síra. Wáṣà eléyín kan wà létí nọ́ọ̀tì: bí eyín rẹ̀ kò bá wọ ihò, ọ̀pá ẹsẹ̀ máa yí, á sì fa wáyà já. Sípánà rẹ̀ àti okùn rọ́bà tí ẹ ó fi so wáyà padà, inú àpò ni kí wọ́n máa wà.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ dán an wò, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ gùn ún yíká àdúgbò bẹ́ẹ̀, kí ẹ dé 18, kí ẹ rí i bóyá ó ń fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ tan án, kí ẹ gba 15.5 kọjá lẹ́ẹ̀mẹta: díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó fi yín sílẹ̀, kì í ṣe gbìn-ín. Ẹ ka eyín jíà tó rọrùn jù láti fi gun òkè: 34 níwájú, 34 lẹ́yìn, kí bátìrì tó bá tán má sọ yín di ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ gun Knee Hill. Ẹ gbé e gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú, torí ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára bébà, kò sí pẹ́dà, iná, mọ́dígáàdì tàbí ṣéènì àti kọ́kọ́rọ́ nínú rẹ̀. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì gùn ún, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.