Ìyàwó mi wà ní Ìbàdàn, kò ní SSN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ Amẹ́ríkà): ṣé mo ṣì lè fi ìwé owó orí mi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀yin ará wa l'Amẹ́ríkà, ẹ gbà mí. Houston ni mò ń gbé. Ìyàwó mi ò dé ibí rí, kò ní SSN, kò ní ITIN (nọ́ńbà owó orí fún ẹni tí kò lè gba SSN). Mo fẹ́ ṣe Fọ́ọ̀mù 1040, ìwé owó orí Amẹ́ríkà, bí ẹni tó ti gbéyàwó tó ń dá tirẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ètò orí kọ̀ǹpútà tí mò ń lò ní dandan ni nọ́ńbà ìyàwó. Mo kọ NRA (ìyẹn àjèjì tí kì í gbé Amẹ́ríkà) síbẹ̀, kò gbà á. Mo fi òdo kún un, wọ́n dá a padà. Ẹnìkan ní kí n pe ara mi ní àpọ́n. Irọ́ gbuu nìyẹn, mi ò ní fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé mo lè kọ NRA sórí ìwé kí n fi í ránṣẹ́, àmọ́ ìyẹn máa ń pẹ́. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn rí, ètò wo ló gba tiyín wọlé, kí lẹ sì kọ sí àyè nọ́ńbà náà?