Àtàǹpàkò ló ti eyín ọmọ mi síta

Ìyá Àbíkẹ́:
Ta ni ọmọ rẹ̀ ti mu ìka títí eyín fi yọ síta? Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Àti kékeré ni Àbíkẹ́ ti ń mu àtàǹpàkò ọ̀tún. Mo tiẹ̀ máa ń dúpẹ́ fún ìka yẹn, torí bó bá ti wọ ẹnu, ariwo tán. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé àgbà á gbà á lẹ́nu ẹ̀. Àgbà ò gbà á o! Ó pé ọdún 7, ó ń ká eyín, ó ṣì ń mu ún sùn.

Eyín tuntun tó hù níwájú, ìta ló dorí kọ. Bó bá pa ẹnu dé, eyín ẹ̀yìn á kan ara, ti iwájú ò ní kàn. Àlàfo ibẹ̀ gba àtàǹpàkò rẹ́gí. (Kì í ṣe èjí o, èjí ẹwà ni.) Kò lè fi eyín iwájú gé búrẹ́dì. Bó bá ní kóun sọ "sùúrù", ahọ́n á yọ jáde.

Dókítà eyín wo òkè ẹnu ẹ̀, ó ti jìn, ó sì ti fún. Ó ní ìka ń ti eyín òkè síwájú, ó ń tẹ ti ìsàlẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń fà wọlé sì ń fún páárì òkè mọ́ra. Wákàtí tí ìka fi ń wà lẹ́nu lóru ló kó bá a jù.

A ti fi ewúro pa á rí. Ó sunkún, ó lá a tán, ó tún mu ún. Wáyà kékeré tí wọ́n so sẹ́yìn eyín òkè ló gbà wá. Ìka ò ríbi sinmi mọ́.

Alágbẹ̀dẹ:
Èmi mu ìka méjì títí di ọdún 11. "Eyín ọ̀kẹ́rẹ́" ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé. Títí dòní, ètè mi kì í pàdé tí mo bá sùn.

Ìyá Dúró:
Ọmú rọ́bà ni tiwa. A gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún 3, àlàfo náà sì pàdé fúnra ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká eyín.

Ìyá Àbíkẹ́:
Ọdún 3 kẹ̀? Àbúrò Àbíkẹ́ ti pé 2 àbọ̀, ti òsì ló ń mu. Ó wà lẹ́nu ẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.