Ọjọ́ mẹ́fà ní Bàǹgíládẹ́ṣì, àti èdè tí mo bá níbẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀pọ̀ wa ló ti lọ sí Íńdíà fún ìtọ́jú ara tàbí fún òwò, ṣùgbọ́n Bàǹgíládẹ́ṣì tó múlé gbè é ni èmi lọ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, fún ọjọ́ mẹ́fà péré, pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo tí mo gbé kọ́ ẹ̀yìn. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àlejò méjì péré ni mo rí tí wọ́n gbé irú báàgì mi títí mo fi padà.

N kò pẹ́ ní Dhaka, olú-ìlú wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo lọ sí Sadarghat, èbúté ńlá tó wà létí odò Buriganga, tí mo sì wọ ọkọ̀ ojú omi alájà mẹ́ta tó ń lọ sí Barisal ní gúúsù. N kò gba yàrá. Àjà ìsàlẹ̀ ni mo wà, níbi tí àwọn ẹbí ti ń tẹ́ ẹní, tí wọ́n sì ń sùn ti ara wọn. Kí wọ́n tó ṣí afárá odò Padma, tó gùn ní kìlómítà 6.15, ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀ lọ sí apá ibẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ti gba púpọ̀ nínú èrò náà kí n tó dé, nítorí náà mo rí àyè na ẹsẹ̀. Kùrukùru bo odò lóru débi pé awakọ̀ ní láti dúró lójú omi fún wákàtí bíi mélòó kan, òtútù sì mú gan-an.

Òtútù yìí ló fa ọ̀rọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó wà lórí ẹní ẹ̀gbẹ́ mi ta ìdajì aṣọ ìbora rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, mo sì fi ìwọ̀nba èdè Bangla tí mo ti kọ́ sílẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. "Tumi" ni mo pè é. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, rọra sọ fún mi pé "apni" ni wọ́n ń pe àgbà àti ẹni tí a kò mọ̀, pé "tumi" wà fún ẹgbẹ́ ẹni, "tui" sì wà fún ọmọdé tàbí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí ọmọ Yorùbá mọ ohun tó ṣe bí ó bá wo ojú àgbà tí ó pè é ní "ìwọ". Mo tọrọ àforíjì, mo sì ṣàlàyé "o" àti "ẹ" tiwa fún un. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, inú bàbá náà dùn, ó sì ní kí n máa pe òun ní "chacha", ìyẹn àbúrò bàbá ẹni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, tíì ife mẹ́ta ni chacha ti rà fún mi.

Láti Barisal, mo wọ bọ́ọ̀sì dé Bagerhat láti wo mọ́ṣáláṣí tí Khan Jahan Ali, aláṣẹ àgbègbè náà nígbà náà, kọ́ ní nǹkan bí ọ̀rúndún márùn-ún ààbọ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ń pè é ní Olórùlé Róbótó Ọgọ́ta, ṣùgbọ́n 77 ló wà lórí rẹ̀ láìka ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òpó inú rẹ̀ ló jẹ́ 60.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ni mo dé Shaheed Minar ní Dhaka, ìyẹn ọwọ̀n ìrántí àwọn tó kú nítorí èdè wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1952, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ Pákísítánì, tí ìjọba sì fẹ́ kí Urdu nìkan jẹ́ èdè ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde láti béèrè ẹ̀tọ́ fún Bangla, àwọn ọlọ́pàá sì yìnbọn pa nínú wọn. Ọjọ́ náà ni UNESCO sọ di Àyájọ́ Èdè Abínibí Lágbàáyé ní ọdún 1999. Ọdọọdún ni mo ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kí àwọn ènìyàn mi lọ́jọ́ yẹn, n kò sì mọ ẹ̀jẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀.

Mo bọ́ bàtà, mo gun àtẹ̀gùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó síbẹ̀ ní kí n sọ èdè mi fún òun gbọ́, mo sì ki oríkì ìdílé wa. Ó béèrè bóyá èdè yẹn ni wọ́n fi kọ́ mi ní ilé-ìwé. Mo sọ òtítọ́ fún un pé ní ilé-ìwé tí mo lọ, owó ìtanràn ni ẹni tó bá sọ ọ́ ń san.

Ó ní kí n ki oríkì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n rọra sọ ọ́, kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀.