Ta gan-an ló hùmọ̀ maṣíìnì ìránṣọ: Howe, Singer, àbí ará Faransé yẹn?

Olùkọ́ Télọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe maṣíìnì ìránṣọ. Ìwé kan ní Elias Howe ni, ní 1846. Òmíràn ní Barthélemy Thimonnier ará Faransé ni, ní 1830. Àwọn ọmọ ní tiwọn gbà pé Singer ni, torí orúkọ rẹ̀ ló wà lára irin. Èwo ni kí n kọ́ wọn? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe orúkọ àti ọdún nìkan ni mò ń wá. Mo fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ kálukú wà lára maṣíìnì, kí n lè máa fi ìka tọ́ka sí i.

Ìtàn Ẹ̀rọ:

Ẹ má fún wọn ní orúkọ kan ṣoṣo, torí kò sẹ́ni tó dá a ṣe. Ibi tí ìṣòro wà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni ojú rẹ̀ wà, torí náà odindi abẹ́rẹ́ ní láti la aṣọ kọjá kí ọwọ́ kejì tó gbà á. Irin kò rọrùn láti fi ṣe ọwọ́ kejì yẹn. Gbogbo àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú ló wá ọ̀nà àbùjá sí i.

Thomas Saint, káfíńtà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lọ́wọ́ ìjọba (ìwé tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lo ọgbọ́n ẹni láìgbàṣẹ) ní 1790 fún maṣíìnì tí wọ́n á fi máa rán awọ. Òlù á kọ́kọ́ lu ihò, abẹ́rẹ́ á wá ti òwú wọ inú ihò náà. Nígbà tí ẹnìkan gbé àwòrán inú ìwé náà jáde, tó sì fi ṣe maṣíìnì lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, ó ní láti tún àwọn ibì kan ṣe kó tó lè rán nǹkan.

Iṣẹ́ télọ̀ ni Thimonnier ń ṣe. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ní ìkọ́ lẹ́nu bí èyí tí wọ́n fi ń hun fìlà: á wọlé, á kọ́ òwú nísàlẹ̀, á fà á gba inú ìdì òwú tó ṣáájú. Òwú kan péré ló ń lò. Nǹkan bí ọgọ́rin maṣíìnì rẹ̀ ló ń rán aṣọ ṣọ́jà ní Paris nígbà tí àwọn télọ̀ ya wọ ibẹ̀ ní 1831, tí wọ́n sì fọ́ wọn, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ àwọn.

Ẹni tó já ìdè náà ni Walter Hunt, ní New York, ní nǹkan bí 1834. Ó gbé ojú abẹ́rẹ́ wá sí ẹnu ṣóńṣó, ó sì fi òwú kejì sísàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò tún ní láti la aṣọ kọjá mọ́. Á kan gbé òwú dé ìsàlẹ̀, á sì padà sókè. Àmọ́ Hunt kò gba ìwé ẹ̀tọ́. Howe dá ronú kan irú ọgbọ́n kan náà, ó sì gba ìwé tirẹ̀ ní September 10, 1846.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ bí maṣíìnì Howe ṣe nira tó. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, ẹ̀gbẹ́ ló sì ti ń gún. Òòró ni aṣọ dúró, wọ́n á fi àwọn ṣóńṣó há a mọ́ irin pẹlẹbẹ kan. Tí irin náà bá ti dé òpin, ẹ óò dúró, ẹ óò tú aṣọ, ẹ óò tún un há. Ọ̀nà tààrà nìkan ló lè rán. Ẹ ò lè fi yí ọrùn bùbá.

Ìyẹn ni Isaac Singer tún ṣe ní Boston, tó sì gba ìwé lé lórí ní August 12, 1851. Ó nàró abẹ́rẹ́, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó gbé apá irin kọjá lórí rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sí i. Látìgbà náà, aṣọ lè máa lọ láìdúró, ẹ sì lè darí rẹ̀ síbi tó wù yín. Eyín tó ń ti aṣọ lọ, tó ń gòkè, tó ń sún síwájú, tó ń rì, tó sì ń padà sẹ́yìn, Allen B. Wilson ló ni ín, 1854. Lójú tèmi, Wilson ni wọ́n fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù jù nínú gbogbo wọn.

Atúnmaṣíìnì-ṣe:

Àlàyé ti dé. Ẹ wá fi hàn wọ́n báyìí: òwú pupa sókè, òwú funfun sínú bọ́bìnì (kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń gbé òwú ìsàlẹ̀). Ẹ ṣí irin pẹlẹbẹ tó bo bọ́bìnì, kí ẹ fi ọwọ́ yí àgbá, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀díẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá ti dé ìsàlẹ̀ pátápátá, tó wá gòkè ní nǹkan bíi mìlímítà méjì, òwú pupa á wú síta lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnu ìkọ́ ti ń gbá a mú, tó ń gbé e yí bọ́bìnì po. Ojú abẹ́rẹ́ ní ṣóńṣó pẹ̀lú òwú kejì: ọgbọ́n Hunt àti Howe nìyẹn lójúkojú.

Ìdí nìyẹn tí maṣíìnì fi ń fò, tí kì í rán àwọn ibì kan, tí wọ́n bá ki abẹ́rẹ́ sódì. Ìhà tó ní ojú ọ̀nà gígùn ni òwú gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ìhà pẹlẹbẹ ló ń kọjú sí ìkọ́. Tó bá yí padà, òwú ò ní wú síbi tí ìkọ́ wà. Abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ díẹ̀ tàbí tó tín-ín-rín jù fún aṣọ náà ń fa irú ẹ̀ pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 dára fún ànkárá, 11 fún léèsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 16 fún jíìnsì.

Tí òwú bá di ìtẹ́ lábẹ́ aṣọ, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ á máa dá bọ́bìnì lẹ́bi. Òwú òkè ni ẹ wò. Bí wọ́n bá fi òwú sí i nígbà tí ẹsẹ̀ maṣíìnì wà nílẹ̀, àwo kékeré méjì tó ń fún òwú ti pa dé, òwú ò wọ àárín wọn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, kí ẹ tún òwú fi sí i. Tó bá sì jẹ́ pé òwú funfun ló ń yọ lókè aṣọ, òwú òkè ti le jù: ẹ dẹ̀ ẹ́.

Fún ti Thimonnier, ẹ mú àpò ìrẹsì tí wọ́n fi òwú dí lẹ́nu. Irú ìdì òwú kan yẹn náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ gé e láti ìhà tó tọ́, kí ẹ fà á: gbogbo rẹ̀ á tú tán. Ẹ wá gé ìdì kan láàárín aṣọ tí maṣíìnì yín rán, kò ní sáré tú bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Télọ̀:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ ò ní rẹ̀yìn iṣẹ́ o. Bí maṣíìnì Howe bá nira tó bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe wá di olówó?

Ìtàn Ẹ̀rọ:

Ìwé ẹ̀tọ́ ló sọ ọ́ di olówó. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ojú abẹ́rẹ́ sí ṣóńṣó pẹ̀lú òwú kejì ti wọ inú ìwé Howe, Singer náà sì wà níbẹ̀. Howe pè é lẹ́jọ́. Singer gbé iṣẹ́ Hunt jáde láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, kò ràn án lọ́wọ́, torí Hunt ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1856, Howe, Singer, àti ilé-iṣẹ́ Wheeler & Wilson pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Grover & Baker pa ìwé ẹ̀tọ́ wọn pọ̀, kí ẹjọ́ lè tán. Lákọ̀ọ́kọ́, dọ́là márùn-ún ni Howe ń gbà lórí maṣíìnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà ní Amẹ́ríkà. Ìwé rẹ̀ parí ní 1867, ọdún yẹn náà ló kú. Ẹgbẹ́ náà tú ká ní 1877. Edward Clark, alájọṣe Singer, ló bẹ̀rẹ̀ ètò kí ènìyàn san díẹ̀, kó gbé maṣíìnì lọ, kó máa san ìyókù, ìyẹn ló sì jẹ́ kí orúkọ Singer tàn ju ti gbogbo wọn lọ.

Atúnmaṣíìnì-ṣe:

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, kí ẹ má bàa lẹ orúkọ Wilson mọ́ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Yàtọ̀ sí eyín, Wilson tún ṣe ìkọ́ kan tó ń gbá òwú mú, àmọ́ ó ń yí po pátápátá ni. Èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ maṣíìnì dúdú táwọn télọ̀ wa ń lò kì í yí po, ó ń lọ síwá-sẹ́yìn ni. Ilé-iṣẹ́ Singer ló gbé irú ìyẹn jáde ní 1879. Ẹ yí àgbá wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀.