Báwo ni mo ṣe lè lu ògiri búlọ́ọ̀kù kí wáyà díìṣì lè gba ibẹ̀ kọjá?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi tí ẹ mọ iṣẹ́ ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ gba wáyà díìṣì láti ìta wọ pálọ̀ wa, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù oníhò ti ínǹṣì 9 ni wọ́n fi mọ ògiri náà, wọ́n sì rẹ́ ẹ nínú àti lóde. Nígbà tí mo gbìyànjú lánàá, irin dírììlì já wọ inú ihò búlọ́ọ̀kù lójijì, kò sì gùn tó láti yọ sí òdìkejì. Eruku nìkan ni mo rí lérè, gbogbo àga ló sì bò.

Mo mọ̀ pé ihò tí irin mìlímítà 12 bá lu yóò gba wáyà náà, àti pé ó yẹ kí ihò náà dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ìta kí omi òjò má baà ṣàn wọlé. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé sọ́kẹ́ẹ̀tì iná kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an, ó sì ṣeé ṣe kí páìpù wáyà rẹ̀ gba inú ògiri gòkè. Ṣé kí n sún ihò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, àbí kí n kàn pa iná láti ojú mítà kí n sì máa lù ú lọ? Bí ìrẹ́lé bá sì fọ́ níbi tí irin ti yọ, kí ni ẹ máa ń fi dí i?